Ẹ Wo Ìdí Kóńgò Kí Ẹ Tó Ra Káàdì Orí Fóònù

Ẹni tó bá fẹ́ ra gàrí lọ́jà Bódìjà kì í dédé yọ owó. Yóò kọ́kọ́ fi ìka mẹ́ta bu díẹ̀ sẹ́nu, yóò jẹ ẹ́ wò bóyá ó kan, bóyá ó gbẹ, bóyá iyanrìn wà nínú rẹ̀. Ìyá tó ń tà á kò ní bínú, torí inú àpò tí oníbàárà ti bù ú jẹ náà ni wọn yóò ti wọn tirẹ̀ fún un. Lẹ́yìn ìyẹn lojú yóò wá ṣí lọ sára kóńgò: ṣé ìdí rẹ̀ ò tẹ̀ wọnú, ṣé wọn ò ti fi nǹkan dí i nísàlẹ̀? Ọ̀tọ̀ ni adùn gàrí, ọ̀tọ̀ ni òótọ́ òṣùwọ̀n, ẹni tó bá sì yẹ ọ̀kan wò láìyẹ èkejì wò, ilé ni yóò ti mọ ohun tó rà. Mo mẹ́nu ba gàrí nítorí eré káàdì orí fóònù tí tọmọdé tàgbà ń gbà wò lásìkò yìí. Bí tuntun kan bá ti jáde, ohun tí à ń gbọ́ ni pé, "Gbà á wò ná, ọ̀fẹ́ ni." Wọn a gbà á, wọn a ta á fún ọjọ́ márùn-ún tàbí ọ̀sẹ̀ kan, wọn a sì dájọ́ pé ó dùn tàbí kò dùn. Èrò tèmi ni pé ìdájọ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn kò wúlò rárá fún ohun tó bá kan àpò ẹni, nítorí inú àpò tí wọ́n ti ń bu ìtọ́wò kọ́ ni wọn yóò ti wọn ọjà. Bí a bá fẹ́ dán eré káàdì tuntun wò, ìsọ̀ inú rẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ dán wò, ká fi eré fúnra rẹ̀ ṣèkejì.

Kí ọ̀rọ̀ tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹni tí kò mọ eré káàdì mìíràn ju Whot lọ. Nínú Whot, káàdì kan náà ló wà lórí tábìlì, gbogbo wa la jọ ń mú nínú rẹ̀. Olówó kò lè lọ ra "pick two" mẹ́wàá sápò kó tó wá jókòó. Ayò náà rí bẹ́ẹ̀: ojú ọpọ́n méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin, méjìdínláàádọ́ta lápapọ̀, ti ọ̀ta kò sì ju ti òpè lọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Eré tí mò ń sọ yìí yàtọ̀. Kálukú ló ń gbé káàdì tirẹ̀ wá, ohun tó bá ní ló máa fi jà. Richard Garfield, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, ló ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́, Magic: The Gathering, tí ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast gbé jáde lọ́dún 1993. Inú páàkì tí wọ́n lẹ̀ pa ni wọ́n ń ta káàdì náà sí. Ẹni tó rà á kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, àwọn kan sì ṣọ̀wọ́n ju àwọn kan lọ. Àní níbẹ̀rẹ̀, òfin eré náà fàyè gba kí àwọn méjì tó fẹ́ jà yọ káàdì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹni tó bá borí kó méjèèjì lọ, kó tó di pé wọ́n pa àṣà yẹn tì. Tẹ́tẹ́ kò fìgbà kan jìnnà sí agbolé yìí. Pokémon tẹ̀lé e ní Japan lọ́dún 1996. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà àti fóònù: Magic Online ní 2002, Hearthstone ti ilé-iṣẹ́ Blizzard ní 2014, títí dé Pokémon TCG Pocket tó jáde lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, tí àwọn èèyàn sì ti gbà sórí fóònù ju ìgbà mílíọ̀nù 60 lọ kí ọdún náà tó parí. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, kì í sì í ṣe pé òun ló burú jù. Ó sàn ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìdí tí mo fi mú un gan-an nìyẹn.

Ẹ wo bí ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣe máa ń rí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á ti gba páàkì kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń jà. Àwọn páàkì náà yóò tò yí ká lójú fóònù, wọn yóò máa yí lọ yí bọ̀. Ẹ ó mú ọ̀kan, ẹ lè dà á kọ kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ó fi ìka fa ẹnu rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, yóò ya, káàdì márùn-ún yóò sì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé páàkì tí igun rẹ̀ bá tẹ̀ ló máa ń ní káàdì gidi nínú. Kò sí ẹ̀rí fún un, iye tí ilé-iṣẹ́ náà kọ sílẹ̀ kò sì fi igun títẹ̀ ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó mú ti gbà pé òun ló mọ̀ ọ́n mú. Ẹ̀bùn ò tíì tán. Ẹ jà lẹ́ẹ̀kan, ẹ gba nǹkan. Ẹ gun ipele kan, ẹ tún gba nǹkan. Káàdì ń rọ́ wọlé bí ìgbà tí ọmọ ọlọ́jọ́ìbí ń gba ẹ̀bùn. Nígbà tó bá yá, òjò náà á dá. Ohun tó máa kù ni páàkì méjì lójúmọ́, ọ̀kan ní wákàtí méjìlá-méjìlá. Àsìkò yẹn gan-an ni ẹni tó ti mọ́ lára á rántí ìwé àṣẹ pàtàkì tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, èyí tó ń fún èèyàn ní páàkì kan sí i lójúmọ́: ọ̀fẹ́ ni fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn ìyẹn ó di dọ́là 9.99 lóṣù bí ẹni náà kò bá rántí fagi lé e. Lọ́jà tiwa, ìgbà tí a bá sanwó tán ni wọ́n ń fi ènì sí i. Níbí yìí, ènì ló ń ṣáájú, ó sì pọ̀ ju ọjà lọ. Ta ló máa wá fi ọ̀sẹ̀ ènì ṣe ẹ̀rí pé ọjà náà pọ̀?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbé kóńgò náà sójú oòrùn. Àkójọ káàdì àkọ́kọ́ nínú eré yìí, Genetic Apex, ní káàdì 286. Èyí tó ṣọ̀wọ́n jù nínú wọn ni èyí tí wọ́n fi àmì adé sí lára. Ẹ jẹ́ ká pè é ní aládé. Ilé-iṣẹ́ náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé nínú páàkì kan, aládé lè bọ́ sí ipò kẹrin ní ìdá 0.040 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì lè bọ́ sí ipò karùn-ún ní ìdá 0.160. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ẹyọ kan nínú páàkì 500. Ẹni tí kì í náwó, tó ń ṣí méjì lójúmọ́ láìpa ọjọ́ kan jẹ, yóò lo ọjọ́ 250 kó tó ṣí 500. Ọ̀pọ̀ á sì rò pé bí òun bá ti ṣí 500, aládé kan ti di dandan. Rárá o. Páàkì kọ̀ọ̀kan ní ìdá 99.8 láti wá lọ́wọ́ òfìfo. Bí ẹ bá sọ iye yẹn di púpọ̀ fúnra rẹ̀ ní ìgbà 500, ohun tó máa kù sún mọ́ ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún. Páàkì àràmàǹdà kan tún wà tí gbogbo káàdì inú rẹ̀ jẹ́ ojúlówó, ṣùgbọ́n òun náà ṣọ̀wọ́n débi pé kò yí ìṣirò padà lọ títí. Bí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá ṣí páàkì 500 kọ̀ọ̀kan, ó lé ní ọgbọ̀n nínú wọn tí kò ní bá aládé kankan pàdé. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ aládé pàtó tó wu èèyàn o. Mẹ́ta ni wọ́n nínú àkójọ náà.

Ilé-iṣẹ́ náà fi ìtùnú kan sí i, ó sì yẹ ká yìn wọ́n fún un. Páàkì kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ṣí ń fún yín ní máàkì 5, bí máàkì yín bá pé 2,500 ẹ lè fi gba aládé tó wù yín. Ẹ pín in wò: páàkì 500 náà ni. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé máàkì àkójọ kan kò ṣeé ná fún àkójọ mìíràn, àkójọ tuntun kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Mythical Island dé ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, kò tó oṣù méjì sí ìgbà tí ti àkọ́kọ́ jáde. Òmíràn tún dé ní oṣù Kìíní 2025. Kí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó ka 250 ọjọ́ pé, àkójọ tuntun tó lé ní márùn-ún ti jáde, káàdì inú wọn sì ni àwọn tó ń borí ń lò. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ aládé àtijọ́ ń pàdánù tuntun. Ẹni tó bá ń sáré tẹ̀lé tuntun kò ní parí èyíkéyìí. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù láti ṣe méjèèjì ni owó.

Ibi tí owó ti ń wọlé yìí ni ìdí kóńgò ti tẹ̀ jù. Ẹ kò lè fi dọ́là ra páàkì tààrà. Ẹ ó kọ́kọ́ fi dọ́là ra wúrà inú eré, wúrà ni ẹ ó fi ra wákàtí, nígbà tí wákàtí bá pé méjìlá ni páàkì ó ṣí. Wúrà kan ń gé wákàtí méjì kúrò, nítorí náà wúrà 6 ni páàkì kan. Àpò wúrà tó kéré jù ní ìsọ̀ wọn jẹ́ dọ́là 0.99, wúrà 5 ló sì wà nínú rẹ̀. Márùn-ún! Ẹni tó fẹ́ ra páàkì kan péré, ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó o láìjẹ́ pé ó rà lẹ́ẹ̀mejì, ìyókù á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó máa mú un padà wá. Àpò tó tóbi jù jẹ́ dọ́là 99.99, wúrà 690 ló wà nínú tirẹ̀, ìyẹn páàkì 115. Ní iye yẹn, páàkì 500 á gbà ju 400 dọ́là lọ. Bí a bá ní dọ́là kan jẹ́ 1,500 náírà, ó ti kọjá 600,000 náírà fún káàdì aládé kan tí kò ṣeé fọwọ́ kàn. Bí wọ́n bá kọ 600,000 sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán káàdì náà, ta ló máa rà á? Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ti gbé owó gba ojú wúrà, gba ojú wákàtí, gba ojú ìdá 0.160, iye náà ti fọ́n ká débi tí ojú kò fi lè kó o jọ mọ́.

Ẹnìkan á ní, "Ṣebí 'pàṣípààrọ̀' (trading, ìyẹn T inú TCG) wà nínú orúkọ eré náà? Ẹni tó bá ní méjì kó fi ọ̀kan gba tẹlòmíràn." Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, ó sì yẹ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Nígbà tí Pocket jáde, pàṣípààrọ̀ kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ìgbà tó di ìparí oṣù Kìíní 2025 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sí i, wọ́n sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀ kọ́kọ́ sun káàdì rẹ̀ mìíràn kó lè rí àmì ìyọ̀ǹda gbà. Nígbà náà, láti fi káàdì tó ní dáyámọ́ǹdì mẹ́rin (bí wọ́n ṣe ń fi ìṣọ̀wọ́n hàn nìyẹn) gba ẹgbẹ́ rẹ̀, àmì 500 ni. Bí ẹ bá sì sun ọ̀kan nínú irú káàdì bẹ́ẹ̀, àmì 125 ni wọ́n ń fún yín. Ẹ ó sun mẹ́rin kí ẹ tó lè fi ẹ̀karùn-ún ta ọ̀rẹ́ yín lọ́rẹ. Àwọn òṣèré fárígá, ilé-iṣẹ́ náà gbọ́, wọ́n sì yọ àmì náà kúrò láàárín ọdún 2025. Hearthstone ò tilẹ̀ fàyè gba pàṣípààrọ̀ láàárín èèyàn méjì. Níbẹ̀, ẹ ó lọ káàdì yín di eruku: àgbà káàdì kan á di eruku 400, bẹ́ẹ̀ 1,600 lẹ nílò láti ṣe àgbà mìíràn. Mẹ́rin fún ọ̀kan níbí náà. Ti káàdì lásán ló tún wá ṣeni ní kàyéfì, eruku 5 ni wọ́n ń fún yín, 40 ni wọ́n ń gbà, mẹ́jọ fún ọ̀kan. Kò sí aláròóbọ̀ tó máa ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ lọ́jà tí ẹlòmíràn ti lè tẹ́ igbá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àtakò tó lágbára jù tí mo mọ̀ ni pé káàdì oníwèé náà rí bẹ́ẹ̀. Láti 1993 ni wọ́n ti ń ta páàkì tí a kò mọ inú rẹ̀, ayé kò sì tíì parẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun kan wà tó máa ń dá tẹ́tẹ́ inú páàkì oníwèé lẹ́kun, ìyẹn ọjà tòkunbọ̀. Ẹni tí káàdì Magic kan bá wù kò ní láti ya páàkì títí ilẹ̀ ó fi ṣú. Á lọ bá ẹni tó ní in, á bi í pé èló ni, á dúnàá dúrà. Nígbà tí ẹyọ káàdì bá ti ní iye tí wọ́n ń tà á, iye yẹn ni òté. Kò sí ẹni tó lórí pípé tó máa fi owó páàkì ọgọ́rùn-ún wá ohun tó lè fi owó páàkì mẹ́wàá rà. Bí eré bá sì sú u, ó lè tà á, ó lè fún àbúrò rẹ̀. Káàdì orí fóònù kò ní òté yìí. Kò sẹ́ni tó lè ta tirẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá sì pa ẹ̀rọ rẹ̀, káàdì náà tẹ̀lé e lọ. Nítorí náà kì í ṣe pé wọ́n gbé eré oníwèé sórí fóònù. Apá tó ń mówó wọlé nínú rẹ̀ ni wọ́n gbé, wọ́n fi apá tó ń dáàbò bo oníbàárà sílẹ̀ sórí tábìlì.

Àwọn tó mọ ìtàn iṣẹ́ yìí dáadáa á wá dá mi lóhùn pé wọ́n ti gbìyànjú ohun tí mò ń sọ, ó sì kú. Artifact ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ilé-iṣẹ́ Valve ló gbé e jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, Garfield tó dá Magic sílẹ̀ wà lára àwọn tó ṣe é, wọ́n sì fàyè gbà kí òṣèré ta káàdì fún ara wọn ní owó gidi. Àwọn tó jọ wà lórí rẹ̀ nígbà kan náà ju 60,000 lọ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi di ọgọ́rùn-ún mélòó kan, ní oṣù Kẹta 2021 Valve kéde pé iṣẹ́ parí lórí rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Mi ò ní fojú kéré ẹ̀rí yìí. Ẹ kọ́kọ́ san dọ́là 20 lẹ́nu ọ̀nà, ẹ tún san fún páàkì, àwọn ìdíje kan tún ń gba tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Eré náà sì le fún ẹni tuntun. Gbogbo èyí pa á lára. Síbẹ̀ ohun kan tún wà níbẹ̀ tí ó yẹ ká gbà: káàdì tó dára jù nínú rẹ̀, Axe, ń lọ ní nǹkan bíi 20 dọ́là ní àwọn ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ayé sì rí i, gbogbo ayé sì bínú. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan lára àwọn tó bínú yìí ti ná ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú eré mìíràn láìka iye rẹ̀. Kì í ṣe owó ló bí wọn nínú tó bí pé owó náà hàn. Ẹni tó ń ta ọjà mọ èyí ju gbogbo wa lọ.

Legends of Runeterra gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Riot gbé e jáde lọ́dún 2020, wọn ò ta páàkì aláìmọ̀nú fún owó. Káàdì tó bá wu èèyàn ló ń rà ní pàtó, ọ̀pọ̀ káàdì sì wà tí èèyàn lè rí gbà láìnáwó. Inú àwọn òṣèré dùn sí i. Ní oṣù Kìíní 2024, Riot dá àwọn òṣìṣẹ́ 530 dúró káàkiri ilé-iṣẹ́ wọn, wọ́n dín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí eré yìí kù, wọ́n sì jẹ́wọ́ pé owó tó ń jẹ ju owó tó ń mú wá lọ. Àwọn alátakò á ní ọ̀rọ̀ bùṣe: òótọ́ kì í tà. Ibí yìí ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn. Bí ìyá kan bá fi kóńgò tó pé wọn gàrí láàárín àwọn mẹ́wàá tí ìdí kóńgò wọn tẹ̀, tirẹ̀ ló máa dà bíi pé ó wọ́n, torí iye tó ń pè á ga ju tiwọn lọ. Oníbàárà á kọjá lára rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rí pé òṣùwọ̀n tó pé kò dára, ẹ̀rí pé ẹnì kan ṣoṣo kò lè dá a ṣe ni. Ìdí tí ìjọba fi ní òfin òṣùwọ̀n nìyẹn, tó fi kan gbogbo ìsọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mi ò sọ pé kí wọ́n fòfin dè é. Belgium gbìyànjú rẹ̀: ní oṣù Kẹrin 2018, àjọ tó ń bójú tó tẹ́tẹ́ níbẹ̀ sọ pé àpótí oríire (loot box, tó jọ páàkì aláìmọ̀nú) inú FIFA 18, Overwatch àti Counter-Strike jẹ́ tẹ́tẹ́ lábẹ́ òfin wọn, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kan sì kó tiwọn kúrò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwádìí kan yẹ ọgọ́rùn-ún eré tó ń pawó jù lórí iPhone wò ní orílẹ̀-èdè náà lọ́dún 2022, 82 nínú wọn ṣì ń ta á. Òfin tí kò lẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ kò yàtọ̀ sí pátákó "Má Ṣe Tọ̀ Síbí" ara ògiri. Ti Japan mọ níwọ̀n: lọ́dún 2012, wọ́n dá ẹyọ irú kan lẹ́kun, èyí tó ní kí èèyàn kó odindi ẹgbẹ́ káàdì jọ láti inú oríire kó tó gba ẹ̀bùn àgbà. Òfin China tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2017 ní kí wọ́n kọ ìdá oríire síta, Apple náà sì sọ ọ́ di dandan nínú ìsọ̀ áàpù wọn kí ọdún yẹn tó parí. Ibẹ̀ ni 0.040 àti 0.160 tí mo fi ṣe ìṣirò lókè ti wá. A dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìdá 0.160 nínú ọgọ́rùn-ún sójú ìwé kan nínú áàpù kò tíì bá ọmọ ọdún mẹ́tàlá sọ̀rọ̀, kò sì tíì bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tí mò ń fẹ́ ni kí wọ́n kọ iye páàkì àti iye owó sí ojú ìsọ̀ gan-an, ní owó ìlú tí oníbàárà ń gbé, kí wúrà àti wákàtí kúrò láàárín, kí ẹyọ káàdì kọ̀ọ̀kan sì ní iye kan tí èèyàn lè fi rà á tààrà bí sùúrù bá tán. Bí páàkì bá ṣì wu èèyàn ju ìyẹn lọ, kó máa ya páàkì rẹ̀.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun nìyí, kí ló kàn wá, nígbà tí tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù wà ní gbogbo ìkòríta. Ìdáhùn mi ni pé ọmọ tó ń gé wákàtí fún páàkì àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ń lo fóònù kan náà, ó kàn jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mọ̀ pé tẹ́tẹ́ lòun ń ta. Ní ti agbára òfin, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ ní oṣù Kọkànlá 2024, nínú ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó pè, pé ọwọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ni àṣẹ lórí lọ́tìrì wà, kì í ṣe ọwọ́ ilé aṣòfin Àbújá. Ìjọba ìpínlẹ̀ kò ní láti retí ẹnikẹ́ni mọ́ kó tó béèrè bóyá páàkì orí fóònù wà lábẹ́ àṣẹ yẹn tàbí kò sí. Ní Britain, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń tọ́mọ, ìjọba pinnu lọ́dún 2022 pé àwọn ò ní yí òfin tẹ́tẹ́ wọn padà nítorí àpótí oríire, kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa ṣọ́ ara wọn. Òbí tó wà ní Peckham àti èyí tó wà ní Agége wà lójú kan náà nìyẹn fún ìsinsìnyí: àwọn fúnra wọn ni olùyẹ̀wò òṣùwọ̀n.

Iṣẹ́ náà ò sì gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Lójú ibi tí páàkì ti tò yí ká nínú Pocket, kí ẹnikẹ́ni tó fi ìka fa ẹnu ọ̀kan ya, bọ́tìnnì kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ "Offering Rates" sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá ẹyọ káàdì kan tó wù yín jù lọ, ẹ wo iye tó wà níwájú orúkọ rẹ̀ ní ipò kẹrin àti ipò karùn-ún, ẹ ro méjèèjì pọ̀, kí ẹ fi ohun tí ẹ bá rí pín ọgọ́rùn-ún. Iye páàkì ló jáde yẹn. Ẹ pín in sí méjì, ó di ọjọ́. Ẹ fi mẹ́fà sọ iye páàkì di púpọ̀, ó di wúrà. Bí ọmọ tó ní kí ẹ gba eré náà fún òun bá wà nítòsí, òun ni kí ẹ gbé bírò àti ìwé fún.